Ẹ̀KỌ́ ỌJỌ́ ÌSINMI: OWÓ TÍ A ṢÌ GBÀ LỌ́WỌ́ ALÁÌSÀN

Bíbélì kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 43:11–23, Léfítíkù 6:1–7, Lúùkù 19:1–10.

Kókó ẹ̀kọ́: Àṣìṣe kì í ṣe olè lọ́jọ́ tí a ṣe é. Ọjọ́ tí a mọ̀ ọ́n tí a sì dákẹ́ ni ó di olè.

Orin ìbẹ̀rẹ̀:

Olúwa, wá yẹ ìwé mi wò,
Ojú Rẹ ríran ju tèmi lọ;
Ibi tí mo ṣì kọ, fi hàn mí,
Kí n tó dé iwájú ìtẹ́ Rẹ.

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìran, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àlá. Ọ̀rọ̀ ìwé owó ni. Ẹlòmíràn á ní, "Baba, kí ló kan ṣọ́ọ̀ṣì kan ìwé owó ilé ìwòsàn?" Ó kàn án o. Àwọn ọmọ ìjọ wa wà tí wọ́n jẹ́ agbẹ̀bí, àwọn kan ń ta oògùn, àwọn kan ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, àwọn kan sì ní ilé ìwòsàn tiwọn. Àwa yòókù, kò sí ẹni tí kì í ṣe àìsàn. Nítorí náà ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

ÌKÍNNÍ: OWÓ TÓ WÀ LẸ́NU ÀPÒ

Ẹ rántí ìyàn tó mú ní ilẹ̀ Kénáánì. Àwọn ọmọ Jákọ́bù lọ ra ọkà ní Íjíbítì, wọ́n san owó, wọ́n padà wálé. Nígbà tí wọ́n tú àpò wọn, wọ́n bá owó lẹ́nu àpò. Wọn kò jí i. Wọn kò tilẹ̀ mọ bó ṣe débẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá ní, "Ọlọ́run ló ṣe é, ẹ jẹ́ ká fi jẹun." Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkà tán tí wọ́n fẹ́ tún lọ, baba wọn ní kí wọ́n kó owó ti àkọ́kọ́ padà, kí wọ́n sì mú òmíràn dání fún ọkà tuntun. Ó ní ó lè jẹ́ pé àṣìṣe ni.

Ẹ kíyèsí i. Ebi ń pa ilé Jákọ́bù. Kò sí ẹni tó rán ìránṣẹ́ wá béèrè owó náà. Síbẹ̀ ó dá a padà. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ dé ilé Jósẹ́fù, wọn kò dúró kí ìríjú bi wọ́n léèrè. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti la ẹnu tí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí à ń pè ní àtúnṣe àtọkànwá nìyẹn: kí ènìyàn sọ kí a tó bi í.

ÌKEJÌ: FUNFUN MÉJÌ LÓ WÀ

Ẹ ṣí Ìwé Ọba Kejì orí 5. Náámánì, olórí ogun Síríà, gba ìwòsàn ẹ̀tẹ̀ nínú odò Jọ́dánì. Èlíṣà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Géhásì ìránṣẹ́ rẹ̀ sá tẹ̀ lé aláìsàn tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá, ó pa irọ́, ó gba tálẹ́ńtì fàdákà méjì àti ìpààrọ̀ aṣọ méjì, ó lọ fi wọ́n pamọ́ sínú ilé. Nígbà tó dé iwájú ọ̀gá rẹ̀, tí ọ̀gá bi í níbi tó ti ń bọ̀, ó ní òun kò lọ síbì kan. Ẹ̀tẹ̀ Náámánì lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì jáde ní funfun bíi yìnyín.

Ẹ̀yin aláṣọ funfun, ẹ gbọ́ o! Funfun méjì ló wà. Ọ̀kan ni funfun ìwà mímọ́, èkejì ni funfun ẹ̀tẹ̀ Géhásì. Aṣọ tí a fọ̀ tí a lọ̀ tí a wọ̀ wá síwájú pẹpẹ kò lè sọ fún ènìyàn èwo ni tiwa. Ìwé owó tí a fi sílẹ̀ níbi iṣẹ́ ló lè sọ ọ́.

Òótọ́ ni pé Géhásì kò ṣe àṣìṣe, ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe àṣìṣe tó sì fi pamọ́, ilé Géhásì náà ló ń gbé owó lọ. Ọ̀nà tó gbà yàtọ̀ ni, ibi tó dé kò yàtọ̀.

ÌKẸTA: OWÓ OÒGÙN KÌ Í ṢE OWÓ ẸNÌ KAN

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí owó oògùn ṣe ń rìn ní ilẹ̀ wa, kí a lè mọ ohun tí àṣìṣe máa ń bà jẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, àwọn mínísítà ètò ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bamako, olú ìlú Mali, pẹ̀lú àwọn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìlera àti ti àwọn ọmọdé. Wọ́n gbà pé kí àwọn ará ìlú máa san owó díẹ̀ fún oògùn, kí owó náà má lọ sí ibòmíràn, kí ilé ìwòsàn fi ra oògùn mìíràn, kí ìgbìmọ̀ tí ará ìlú yàn sì máa ṣọ́ ọ. Ilẹ̀ Benin wà lára àwọn tó ti dán irú ètò bẹ́ẹ̀ wò ṣáájú, ní Pahou, lọ́nà Ouidah.

Ẹ wá rí i pé owó tí ìyá kan san fún oògùn lónìí, òun la fi ń ra ti ọmọ ẹlòmíràn lọ́la. Bí akọ̀wé bá ṣì í kọ tó dín, oògùn á tán nínú àpótí kí owó tó pé láti ra òmíràn. Bó bá ṣì í kọ tó lé, ìyá á san ohun tí kò jẹ. Èyí tó burú jù ni pé kò ní wá mọ́ nígbà mìíràn. Owó tí a gbà ju iye rẹ̀ lọ, ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ló máa ń dí. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí lórí ara mi, nítorí ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

ẸRÍ MI

Ní ọdún 1994, èmi ni mò ń gba owó tí mo sì ń kọ ìwé ní ilé ìwòsàn kékeré kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà á rántí ọdún náà. Oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n já owó sẹ́fà sí ìdajì. Owó Faransé kan tó jẹ́ 50 sẹ́fà tẹ́lẹ̀ di 100 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjà gbóná. Oògùn tó ń ti òkè òkun wá gbówó lérí. Ìwé iye owó tó wà lára ògiri, a já a sọnù, a kọ òmíràn.

Oògùn ibà tí à ń fún àwọn ọmọdé nígbà náà ni chloroquine olómi. Nínú ìwé ọ̀gá mi, 350 fáráǹkì ni ìgò kan. Nígbà tí mò ń dà á kọ, ọwọ́ mi kọ 530. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ohun tó wà lára ògiri ni mò ń gbà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a jókòó ṣírò owó láti lọ ra oògùn. Owó lé. Ọ̀gá mi yọ̀, ó ní, "Ọlọ́run ń bù sí i fún wa." Èmi náà ní, "Àmín." Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà mo mú ìwé rẹ̀, mo mú tèmi, mo fi wọ́n síwájú fìtílà. Mo rí i. Ara mi tutù. Ènìyàn 66 ló ti san 180 lórí ohun tí wọn kò jẹ.

Ẹ̀yin ará, n kò sọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dákẹ́. Mo ń sọ fún ọkàn mi pé èmi kọ́ ni mo jẹ owó náà. Mo ní 180 kì í pa ènìyàn. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó mi sì wà nínú oyún. N kò tilẹ̀ yí nọ́ńbà ara ògiri padà, nítorí bí mo bá yí i, ẹnì kan á béèrè ìdí. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án náà ènìyàn 8 mìíràn wá, mo sì gba 530 lọ́wọ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni 66 àkọ́kọ́, àṣìṣe ni. Ẹni 8 yìí, olè ni. Èmi ni mo jà wọ́n lólè. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó bọ́ sí àárín rẹ̀, mo wọ aṣọ funfun mi, mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà sókè ketekete.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìyá kan gbé ọmọ dé. Fúlàní ni, ó máa ń ta wàrà lọ́jà. Gìrì ti mú ọmọ náà. Ọ̀gá mi bi í pé láti ìgbà wo ni ara ọmọ ti ń gbóná. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó bi í pé kí ló dé tí kò tètè wá. Ó ní 400 fáráǹkì ló wà lọ́wọ́ òun. Ó ní òun rántí pé 530 ni òun san nígbà tó kọjá, òun sì ń dúró de ọjọ́ ọjà kí òun ta wàrà kí owó lè pé.

400, ẹ̀yin ará! Iye tòótọ́ jẹ́ 350. Owó oògùn ọmọ náà ti pé lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, 50 á tún ṣẹ́kù. Nọ́ńbà tí mo kọ sára ògiri ni kò jẹ́ kó wá.

A gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kò kú, ògo ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́.

Ọjọ́ yẹn ni mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́ títí. Ó ní, "Bí a bá la ẹnu wa, wọ́n á ní olè ni wá." Mo ní, "Baba, bí a kò bá la ẹnu, olè ni wá." Ó ní kí n máa lọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì òun fúnra rẹ̀ ló já ìwé ara ògiri. Ó pe àgbà mẹ́ta: ọ̀kan láti inú ìjọ, ọ̀kan láti mọ́ṣáláṣí, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìlú. A ṣí ìwé níwájú wọn. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó ní kí ẹnì kan tún un sọ ní Baríbá àti ní Fúlàní.

ÌKẸRIN: ELÉÒ NI KÍ A DÁ PADÀ?

Léfítíkù orí 6 àti Númérì orí 5 ti dá a lóhùn. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ á dá owó náà padà pé, á sì fi ìdámárùn-ún rẹ̀ lé e. Ìdámárùn-ún 180 jẹ́ 36. A san 216 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn 74, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 15,984 fáráǹkì. A rí ènìyàn 58. A kò rí 16 mọ́: àwọn kan ti kó màlúù wọn lọ, ẹnì kan ti kú láìní ìbátan nítòsí. Númérì 5:8 ní ohun tí a bá fẹ́ san tí a kò rí olówó tàbí ìbátan rẹ̀, ti Olúwa ni. A kò dá a padà sínú àpò ilé ìwòsàn. 3,456 fáráǹkì ni, a fi ra oògùn fún àwọn tí kò ní, àwọn àgbà mẹ́ta náà sì fọwọ́ sí i.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú òfin náà. Ẹ́kísódù orí 22 ní olè tí a bá mú á san ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin fún àgùntàn, ìlọ́po márùn-ún fún màlúù tó bá ti pa tàbí tó ti tà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ìdámárùn-ún péré ni a fi lé e. Ọlọ́run mú ọ̀nà ìjẹ́wọ́ fúyẹ́ kí ó lè rọ̀ wá lọ́rùn láti gbà. Sákéù agbowó-orí ní tirẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ olè, ó ní ìlọ́po mẹ́rin lòun máa san. Jésù sì ní ìgbàlà wọ ilé náà lọ́jọ́ náà gan-an.

Àní ìjọba ayé mọ ọgbọ́n yìí. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣe nọ́ọ̀sì àti dókítà, òfin kan wà láti ọdún 1863, ìgbà ogun abẹ́lé wọn, tó ń mú àwọn tó bá fi ìwé èké gba owó ìjọba. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ lè san ìlọ́po mẹ́ta pẹ̀lú owó ìtanràn. Ní ọdún 1998 wọ́n ṣí ọ̀nà fún ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ wá jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀, ohun tí irú wọn ń san sì sábà máa ń jẹ́ ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Ní ọdún 2010 wọ́n fi òfin kún un pé ilé ìwòsàn tó bá ti mọ̀ pé òun gba owó ètò ìlera ìjọba kọjá iye rẹ̀, kí ó sọ ọ́ kí ó sì dá a padà láàárín 60 ọjọ́. Bó bá mọ̀ tó sì dì í mú, àṣìṣe àná lè di ẹ̀sùn èké. Ohun tí òfin Mósè ti sọ kò yàtọ̀: ìmọ̀ ló ń sọ àṣìṣe di gbèsè.

ÌKARÙN-ÚN: BÍ A ṢE Ń ṢE É

Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ fi sọ́kàn.

1. Ọjọ́ tí o bá rí àṣìṣe ni kí o dá a dúró. Má dúró kí oṣù parí.

2. Ṣí ìwé padà sí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Má mú ti oṣù yìí nìkan.

3. Má ya ojú ìwé, má fi ọ̀bẹ há a. Fa ìlà kan sórí èyí tí kò tọ́, kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fọwọ́ sí i, kọ ọjọ́.

4. Sọ fún ọ̀gá rẹ àti fún ìgbìmọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹni tó wá sọ fún yín, ẹ má lé e. Bí ẹ bá lé e, ẹ ti kọ́ àwọn tó kù láti máa dákẹ́. Ẹ má sì di ẹ̀bi ru ọmọ iṣẹ́ nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kò yẹ ìwé wò.

5. Owó ìjọba náà ní ẹni tó ni ín. Ní ọdún 2009 ìjọba Benin bẹ̀rẹ̀ sí í san 100,000 fáráǹkì fún àwọn ilé ìwòsàn lórí obìnrin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún kó tó bímọ, kí ìyá má bàa san owó iṣẹ́ abẹ náà. Ẹni tó bá kọ iṣẹ́ abẹ kan lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tó gba ohun tí ìjọba ti san lọ́wọ́ ìyá, gbogbo aboyún tó kù ló ń jà lólè.

6. Má mú owó àṣìṣe wá síwájú pẹpẹ. Mátíù 5:23–24 ní kí o fi ọrẹ rẹ sílẹ̀ níbẹ̀, kí o kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ làjà. Ọlọ́run kì í bá ènìyàn pín owó aláìsàn.

Ẹ̀yin aláìsàn náà, ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀. Bí akọ̀wé bá fún ọ ní ṣẹ́ńjì tó lé, àpò Jákọ́bù ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn. Padà. Ẹni tó ń gba owó lè fi owó oṣù rẹ̀ dí i. Bó o bá sì rò pé wọ́n gbà jù lọ́wọ́ rẹ, fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ìwé tí wọ́n kọ. Má kọ́kọ́ pariwo olè. Ẹni tí a kò bá kọ́kọ́ pè ní olè, ó máa ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti sọ pé òun ṣì í.

ÌPARÍ

Ẹ lè fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan fi wá ṣẹ̀sín. Ẹnì kan kò wá sí ilé ìwòsàn náà fún ọdún kan gbáko. Wọn kò lé mi, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́ ọ̀gá mi ń ka owó tẹ̀ lé mi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọjọ́ kìn-ín-ní ibà, kì í ṣe ọjọ́ kẹta. Ohun tí mo lè fi yangàn kò ju ìyẹn lọ.

Èmi ni mo gbé owó lọ fún ìyá oníwàrà náà. 216. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ka owó náà, ó dì í sí etí aṣọ rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń ṣeré nílẹ̀, ó wọlé. Kò dúpẹ́. Kò sì yẹ kó dúpẹ́.

Mo dá owó padà pẹ̀lú ìdámárùn-ún. N kò lè dá etí ọmọ padà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: ẹ má dúró di ọjọ́ kẹsàn-án. Ẹni tó bá rí i lálẹ́ yìí, kí ó sọ ọ́ lówùúrọ̀ ọ̀la. Ọlọ́run aláàánú á dúró tì í. Halleluyah!

Àdúrà: Olúwa, fún àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ní ojú tó ń rí àṣìṣe ara wọn, àti ẹnu tó ń tètè jẹ́wọ́ rẹ̀. Má jẹ́ kí ọmọ kan kú sílé nítorí nọ́ńbà tí a ṣì kọ. Ní orúkọ Jésù Kristi. Àmín.

Orin ìparí:

Ohun tí n kò jẹ, n ó dá a padà,
Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́;
Kí ìyá ọlọ́mọ lè wọlé wá,
Kí ó má bẹ̀rù owó.

Aṣọ mi funfun, ìwé mi ńkọ́?
Jésù, fọ̀ wọ́n pọ̀ fún mi;
Lọ́jọ́ tí O bá ṣí ìwé gbogbo,
Kí n lè dúró níwájú Rẹ.

Àmín.